Lexus, Benz, BMW tàbí Range Rover: Èwo Ni Ká Rà Nínú Ọkọ̀ Ọlọ́lá Tó Ti Lo Ọdún?

Ọkọ̀ tí a fi ń dá ọlọ́lá mọ̀ ní ọdún 2006 ti bọ́ sọ́wọ́ àwa òṣìṣẹ́ báyìí. Ẹni tó bá ní owó Corolla tòkúnbọ̀ kan tó mọ́ lọ́wọ́ lè fi gbé Range Rover tó ti lo bí ogún ọdún lọ sílé. Iye ọkọ̀ náà ti já wálẹ̀, ṣùgbọ́n iye páàtì rẹ̀ kò bá a já wálẹ̀. Páàtì ọkọ̀ olówó ńlá ṣì ni, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á wọlé. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti ní kí ọjà máa pinnu iye náírà, gbogbo ẹni tó ń ra páàtì ló mọ ohun tí ojú ń rí.

Nítorí náà, n kò ní fi ẹwà tàbí eré sísá wọn àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Ohun tí ojú yóò rí lẹ́yìn tí ẹ bá ti gùn ún fún ọdún kan ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Mẹ́rin ni mo mú: Lexus (ES 350 àti LS 430), Mercedes-Benz E-Class tí wọ́n ń pè ní W211, BMW 5 Series tí wọ́n ń pè ní E60, àti Range Rover L322. Ìmọ̀ràn kan ṣáájú gbogbo rẹ̀: ẹ wá mẹkáníìkì kí ẹ tó wá ọkọ̀. Bí kò bá sí ẹni tó mọ ọkọ̀ náà tinú tẹ̀yìn nítòsí yín, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Páàtì ló ṣáájú. Ní Èkó, Ládípọ̀ ní Mushin àti ASPAMDA ní Trade Fair lójú ọ̀nà Badagry ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ. Ní Ìbàdàn, Aráròmí ní Gate ni. Ẹni tó ń gbé Èkó lè rí páàtì láàárọ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ sì jáde lọ́wọ́ mẹkáníìkì nírọ̀lẹ́. Ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìkàrẹ́ yóò dúró de wéébíìlì, bí wọ́n bá sì rán èyí tí kò bára mu sí i, yóò tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ má gbàgbé pé oríṣi mẹ́ta ni páàtì: ojúlówó tuntun, ayédèrú tuntun, àti tòkúnbọ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó wá láti òkè òkun. Bó bá jẹ́ irin ni, irú bíi ẹ́ńjìnnì, jíà, alternator tàbí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ́ẹ̀sì, tòkúnbọ̀ ojúlówó sàn lójú mi ju ayédèrú tuntun lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ rọ́bà, sensor tàbí pádì bíréèkì, tuntun ni kí ẹ rà. Ọjọ́ orí rọ́bà tí wọ́n tú lára ọkọ̀ 2007 kò kéré sí ti èyí tí ẹ fẹ́ yọ kúrò.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni mẹkáníìkì àti síkánà rẹ̀. Síkánà pọ́ọ́kú tí gbogbo ènìyàn ń rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju kó ka àṣìṣe ẹ́ńjìnnì lọ. Kò lè wọ inú bíréèkì Benz, kò lè bá ìdúró afẹ́fẹ́ Range Rover (air suspension, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbé ọkọ̀ dúró dípò sípíríìǹgì) sọ̀rọ̀. Ẹ bi mẹkáníìkì yín léèrè láìtijú: “Ọ̀gá, síkánà yín ń ka air suspension àbí ẹ́ńjìnnì nìkan?” Bó bá ní etí lòun máa ń fi gbọ́ gbogbo ẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Epo ni ẹ̀kẹta. Kí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó parí, líta kan kò tó ₦200 ní Èkó. Ayé ìgbà náà ti lọ. Tánkì ES 350 ń gba 70 líta, ti W211 ń gba 80, ti Range Rover tó bí 100. Bí a bá ní ₦1,000 ni líta kan, ₦70,000, ₦80,000 àti ₦100,000 nìyẹn fún kíkún tánkì lẹ́ẹ̀kan, Range Rover ló sì máa kọ́kọ́ padà sílé epo.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí ni ọjọ́ orí fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ á ní, “Ọkọ̀ yìí ò rìn, ẹ wo máìlì ẹ̀.” Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà ń gbẹ, ike ń sán, awọ ara wáyà ń bó, yálà ọkọ̀ náà rìn tàbí kò rìn. Ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó tún ń mú un yá. Gbogbo ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni èyí kàn, àmọ́ iye ike àti wáyà tó wà nínú wọn kò dọ́gba.

Lexus ES 350 àti LS 430

ES 350 tí wọ́n ṣe láti 2006 sí 2012 ni ọkọ̀ ọlọ́lá tó rọrùn jù lọ láti tọ́jú ní Nàìjíríà, n kò sì rò pé ó yẹ kí á jiyàn lé e lórí. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 2GR-FE onílíta 3.5, náà ló wà nínú Camry V6, Avalon, Sienna, Highlander àti RX 350. Mẹkáníìkì Toyota àdúgbò yín ti tú u rí. Ṣéènì ló ń lò, kì í ṣe bẹ́líìtì, nítorí náà kò sí tàìmínì bẹ́líìtì tí ẹ máa pààrọ̀. Ọ́ìlì bí líta mẹ́fà ló ń gbà.

Síbẹ̀, ó ní tirẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní túùbù kékeré kan tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí VVT-i (ẹ̀rọ tó ń ṣètò ìgbà tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí), tí àárín túùbù náà jẹ́ rọ́bà. Bí rọ́bà náà bá bẹ́ lójú títì, ọ́ìlì á tú dànù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kú bí awakọ̀ kò bá tètè pa á. Toyota fúnra rẹ̀ ti fi onírin odindi pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí mẹkáníìkì fi tọ́ọ̀ṣì wò ó: bó bá jẹ́ irin látòkè délẹ̀, wọ́n ti ṣe é, bó bá ní rọ́bà láàárín, ẹ ra onírin kí ẹ tó máa gùn ún. Ohun mìíràn ni pé mẹ́ta nínú pílọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lẹ́yìn, lápá ibi tí awakọ̀ jókòó sí. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ wọn gbọ́dọ̀ yọ ìdérí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á pààrọ̀ mẹ́ta iwájú, wọ́n á fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀, wọ́n á sì gba owó mẹ́fà. Ẹ dúró tì wọ́n. Ní ti dáṣíbọ́ọ̀dù, àwọn tó jáde ní 2007 àti 2008 máa ń yọ́, wọ́n á máa dán, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí oòrùn bá pa wọ́n pẹ́. Kò dí ìrìn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń dín iye owó tí ẹ máa rí bí ẹ bá fẹ́ tà á kù.

LS 430 (2000 sí 2006) ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì jẹ́ ọkọ̀ tí mo fẹ́ràn tọkàntọkàn. Ẹ́ńjìnnì V8 onílíta 4.3 rẹ̀ lè pẹ́ láyé gan-an bí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lákòókò. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ló ń lò, ó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní 90,000 máìlì, ìyẹn nǹkan bí 145,000 kìlómítà. Bí bẹ́líìtì náà bá já, fáàfù á kọlu písítìnì, ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́ nìyẹn. Bí ẹni tó ń tà á kò bá ní ẹ̀rí pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yọ owó bẹ́líìtì, wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù àti iṣẹ́ ọwọ́ kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Ẹ wá èyí tó ń lo sípíríìǹgì irin. Àwọn kan wà tó jẹ́ afẹ́fẹ́ ló gbé wọn dúró, àwọn yẹn kò yẹ ojú ọ̀nà wa. Ẹ̀dùn ọkàn kan ṣoṣo tó wà nípa LS ni pé kò bá Camry pín ara. Iná iwájú, bọ́mpà àti dígí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ládípọ̀.

Mercedes-Benz E-Class W211

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù, nítorí ibí ni àwọn ènìyàn ti ń kó sínú gbèsè jù. Àwọn tó mọ V-boot láyé ọjọ́sí máa ń rò pé gbogbo Benz ló rí bẹ́ẹ̀. V-boot jẹ́ ọkọ̀ tí mẹkáníìkì abẹ́ igi lè fi sípánà àti ọgbọ́n orí tún ṣe. W211, tí wọ́n ṣe láti 2002 sí 2009, kún fún kọ̀ǹpútà láti bíréèkì títí dé ìjókòó. Ọdún tí ẹ bá mú níbẹ̀ ni yóò sọ bóyá ẹ máa gbádùn tàbí ẹ máa kábàámọ̀.

Àwọn tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó tún ojú rẹ̀ ṣe ní 2006 ń lo bíréèkì oníná tí wọ́n ń pè ní SBC. Ẹsẹ̀ yín kò tẹ bíréèkì náà tààrà; kọ̀ǹpútà àti pọ́ọ̀ǹpù ló ń ṣe é. Pọ́ọ̀ǹpù yìí ń ka iye ìgbà tí ẹ tẹ bíréèkì. Bó bá ti dé iye tí wọ́n fi sí i, iná pupa á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, yóò sì dé ọjọ́ kan tí bíréèkì iwájú nìkan máa ṣiṣẹ́, tí ẹ ó sì ní láti fi agbára tẹ pẹ́dà gan-an. Ewu kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan táyà ọkọ̀ náà: bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn tàbí tẹ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí pádì wà níta, pọ́ọ̀ǹpù náà lè sún bíréèkì fúnra rẹ̀, ó sì lè fọ́ ìka ọwọ́. Síkánà ni wọ́n fi ń pa á kí wọ́n tó tú pádì. Mẹkáníìkì tí kò bá mọ èyí, ẹ má jẹ́ kó sún mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ló tẹ̀ lé e. E320 tó jáde títí dé 2005 ń lo M112, ẹ́ńjìnnì aláyà líle. Pílọ́ọ̀gì méjìlá ló ní, méjì fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gba ọ́ìlì líta mẹ́jọ. Ẹni tó bá da líta márùn-ún sí i bí ẹni ń ṣe Corolla ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. E350 gba M272 dípò rẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, eyín jíà kan tó wà lórí ọ̀pá balance shaft (èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa gbọ̀n) máa ń jẹ tán. Iná ẹ́ńjìnnì á tàn, síkánà á sọ pé camshaft àti crankshaft, ọ̀pá méjì inú ẹ́ńjìnnì, kò bára mu mọ́. Owó páàtì náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan án.

Ẹ ro ìyẹn pọ̀: E350 ọdún 2006 ní SBC, ó sì tún ní ẹ́ńjìnnì eléyín jíjẹ. Òun ló burú jù, òun náà sì ni àwọn oníṣòwò ń polówó jù, nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ ga ju 320 lọ. Èyí tí mo fọwọ́ sí ni E350 ọdún 2008 tàbí 2009: kò ní SBC, wọ́n sì ti tún eyín jíà náà ṣe. Bí owó yín kò bá ká a, E320 oníM112 tí síkánà fi hàn pé SBC rẹ̀ ṣì ní ẹ̀mí púpọ̀ kò burú. Ẹ sá fún èyí tó ní Airmatic, ìyẹn ìdúró afẹ́fẹ́, àyàfi bí ẹ bá ní owó àpò afẹ́fẹ́ mẹ́rin àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lọ́wọ́.

Ohun tó dára nípa W211 ni pé páàtì rẹ̀ wà. Ó pọ̀ ní Ládípọ̀ débi pé ẹ lè rí ilẹ̀kùn odindi tó bá àwọ̀ ọkọ̀ yín mu. Bí ẹ bá sì tọ́jú rẹ̀, ẹ lè lọ láti Èkó dé Abẹ́òkúta kí ara má ro yín rárá.

BMW 5 Series E60

Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ló dùn ún wà jù. Òun náà ni kì í dárí ji ẹni tó bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àwọn 525i àti 530i tó ní ẹ́ńjìnnì N52 ń lo wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù oníná. Pọ́ọ̀ǹpù yìí kì í jò kó tó kú, kì í sì í pariwo. Ọjọ́ kan ṣáá, iná ooru á tàn láàárín títì. Bí ẹ bá ní “ẹ jẹ́ kí n dé ilé ná,” ẹ máa dé ilé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ti tẹ̀. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí náà kò ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì; ojú dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ ó ti kà á. Bí sensor rẹ̀ bá bàjẹ́, ẹ kò mọ iye ọ́ìlì tó kù.

530i tó jáde kí N52 tó dé, ìyẹn oníM54, rọrùn díẹ̀ nítorí pé bẹ́líìtì ló ń yí pọ́ọ̀ǹpù omi rẹ̀. Ike rédíétọ̀ àti ike tí kúlántì (ohun olómi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) ń wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́. Ní ti 545i àti 550i oníV8, n kò ní fún ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà wọ́n. Rọ́bà fáàfù wọn ń gbẹ, wọ́n á máa jẹ ọ́ìlì, èéfín aláwọ̀ búlúù á sì máa jáde bí ẹ bá dúró pẹ́ nínú gò-sílòó. Ẹ fi kún un pé ọ̀pọ̀ E60 kò ní táyà àfipààrọ̀, nítorí run-flat (táyà tó ṣì lè rìn díẹ̀ bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá tán) ni wọ́n gbé lé. Ihò kan lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lálẹ́ lè sọ yín di ẹni tó ń wá ọkọ̀ tó máa fà yín.

Range Rover L322

Ìjókòó rẹ̀ ga, ó ń kọjá inú ọ̀gbun láìmì, àwọn ènìyàn sì ń yà fún un. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ. Ọkọ̀ tó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì ààbọ̀ ni, afẹ́fẹ́ ló sì gbé e dúró. Bí àpò afẹ́fẹ́ kan bá ti ya, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yóò fi jóná, ìnáwó á wá di méjì. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi sípíríìǹgì rọ́pò rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ náà á sì dúró, ṣùgbọ́n ìtura tí ẹ torí rẹ̀ rà á ti lọ. Títí di 2005, ẹ́ńjìnnì V8 onílíta 4.4 láti ọwọ́ BMW ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ti Jaguar sí i. Ti Jaguar yẹn ni mo yàn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí epo rẹ̀ kéré nínú méjèèjì.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹ lọ bá ọkọ̀ náà láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tutù kì í parọ́. Ẹ gbọ́ ṣéènì rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, ẹ wo èéfín. Bó bá jẹ́ onídúró afẹ́fẹ́, ẹ wò ó bóyá igun kan ti wálẹ̀ mọ́jú. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin rẹ̀, ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì búùtù: ẹrẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀ túmọ̀ sí pé omi ti gbé ọkọ̀ náà rí, ọkọ̀ tí omi gbé kò sì ní wáyà tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ kọ VIN rẹ̀, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, kí ẹ fi wá ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bó bá ti Amẹ́ríkà wá.

Ẹ tún ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Bó bá jẹ́ omi lásán lẹ bá níbẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yọ thermostat, ohun tó ń ṣètò bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa gbóná tó. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ń yọ ọ́ nítorí pé “ìlú wa gbóná”. Ọkọ̀ tí kò ní thermostat kì í gbóná dé ibi tó yẹ kó gbóná dé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa da epo sí i bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Omi lásán á sì máa jẹ irin inú ẹ́ńjìnnì. Kúlántì kì í ṣe ti ìlú olótùútù nìkan.

Ta ni kó ra èwo?

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ ní, tó ń gbé ọmọ lọ síléèwé, tó ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́, tó sì tún ń lọ sílé lọ́dún, ẹ mú ES 350. Ẹni tó bá wà ní ìlú kékeré tó jìnnà sí Èkó àti Ìbàdàn kò tilẹ̀ ní ohun mìíràn láti yàn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun náà ló tètè ń tà.

LS 430 yẹ bàbá tàbí màmá tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í rìn púpọ̀, tó fẹ́ ìtura ju ohunkóhun lọ, tó sì lè fi sùúrù wá èyí tí ẹni kan ṣoṣo ti gùn.

W211 ọdún 2008 tàbí 2009 yẹ ẹni tó ń gbé Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, tó ti mọ mẹkáníìkì Benz kan tó ní síkánà gidi, tó sì lè máa ya owó kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù láìfọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ti ná gbogbo owó ọwọ́ yín tán kí ẹ tó lè rà á, owó yín kò tíì tó o.

530i, mo fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ wíwà fúnra rẹ̀, tí kò ní dẹ́rẹ́bà, tó ń ka ojú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má gbé e fún ẹlòmíràn wà. Kí ẹ sì ra wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù tuntun fún un ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá rà á, yálà èyí tó wà níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Range Rover yẹ ẹni tó ti ní ọkọ̀ mìíràn tó ń gbé e dé ibi iṣẹ́, tí ọjọ́ òde àti ìrìn àjò sílé ni ó fẹ́ fi èyí ṣe. Bó bá dùbúlẹ̀ sílé fún oṣù kan nítorí àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń retí láti òkè òkun, kò gbọ́dọ̀ dí ohunkóhun lọ́wọ́ nílé yín.